Ẹ̀wù ayẹta wo ló yẹ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un, tó ní ṣé ogun ni mo fẹ́ lọ jà ni. Mo ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Houston. Gàrí, ẹ̀lùbọ́, epo pupa àti ẹja gbígbẹ ni mo ń tà, aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo sì máa ń tì í. Nígbà tí ìjì Beryl jà níhìn-ín ní oṣù Keje ọdún 2024, tí iná lọ ní ilé àti ilé iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù méjì, afẹ́fẹ́ já ilẹ̀kùn iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, òru mẹ́ta gbáko ni mo sì fi sùn sórí àpò ìrẹsì nítorí pé n kò lè fi ọjà sílẹ̀ láìsí olùṣọ́. Ní òru kejì, mo gbọ́ ìró ìbọn lẹ́yìn ilé epo tó wà ní òdìkejì títì. Kò sí ẹni tó wá bá mi, ṣùgbọ́n láti òru yẹn ni mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí n ní ẹ̀wù ayẹta kan lẹ́yìn káńtà, kí n lè tètè gbé e wọ̀ nígbà tí nǹkan bá tún dojú rú bẹ́ẹ̀.

Mo wá wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ náà sì tún rú mi lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òǹtajà kan ń ta pátákó irin méjì pẹ̀lú ẹ̀wù tí a ń kì wọ́n bọ̀ ní 230 dọ́là, ó sì gbé fídíò síbẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn lu pátákó náà tí ọta kò sì wọlé. Òmíràn ń ta èyí tí ọlọ́pàá ti lò rí ní 90 dọ́là. Ẹnì kẹta ń pe tirẹ̀ ní 700 dọ́là, bẹ́ẹ̀ kò nípọn tó àwọn yòókù lójú mi. Gbogbo wọn ló ń kọ IIA, IIIA, IV, HG2, RF1 sí ara ọjà wọn bí ẹni pé inú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti kọ́ ọ.

Ẹ jọ̀wọ́, èwo nínú wọn ló yẹ irú èmi, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta tí ẹ̀yìn ń dùn? Ṣé ooru Houston kò ní bà á jẹ́ bí mo bá ń gbé e sínú ọkọ̀? Lẹ́yìn náà, àbúrò mi tó ń dáko ní Òkè-Ògùn ní kí n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí òun nítorí àwọn ajínigbé. Ṣé òfin gbà á?

Ẹ̀ṣọ́ Òru (Dallas)

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu ìjì o. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ oníbọn, kò sì sí ọjọ́ iṣẹ́ kan tí ẹ̀wù yìí kì í sí lára mi. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn òǹtajà kì í ti í bẹ̀rẹ̀: kò sí ẹ̀wù ayẹta tó ń dá gbogbo ọta dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọta tí wọ́n fi dán an wò, ọta yẹn àti àwọn tó jọ ọ́ nìkan la sì lè gbẹ́kẹ̀ lé e fún.

Àjọ NIJ, tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ló ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2008, ìpele IIA, II àti IIIA wà fún ìbọn ìléwọ́, III àti IV sì wà fún ìbọn gígùn tí a ń gbé ti èjìká. Ọta .44 Magnum, tó lágbára ju 9mm lọ, wà nínú ohun tí wọ́n fi dán IIIA wò, nítorí náà ọta 9mm tó wọ́pọ̀ ní ìgboro kò ju agbára rẹ̀ lọ. Ọta ìbọn gígùn .30-06 tí wọ́n dìídì ṣe láti máa lu irin ni wọ́n fi dán IV wò. Ní ọdún 2023, wọ́n yí orúkọ wọn padà kí orúkọ fúnra rẹ̀ lè sọ irú ìbọn tó wà fún: II di HG1, IIIA di HG2, III di RF1, IV sì di RF3. Wọ́n wá fi RF2 sáàárín nítorí ọta ìbọn gígùn 5.56 kan tí wọ́n ń pè ní M855, èyí tí irin wà ní ṣóńṣó rẹ̀, tó sì máa ń gba inú àwọn pátákó III kan kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí orúkọ méjì lórí ọjà kan náà: ti àtijọ́ ni ọ̀kan, ti ìsinsìnyí ni èkejì.

Ẹni tó bá fẹ́ wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́wàá alẹ́, ìbọn tó lè fi sábẹ́ ẹ̀wù ni yóò mú dání. Ìbọn ìléwọ́ sì ni wọ́n ń lò jù nínú ìpànìyàn oníbọn ní orílẹ̀-èdè yìí. Èyí ló mú kí n sọ pé IIIA tàbí HG2 rírọ̀ ni tiyín, kì í ṣe pátákó. Òwú Kevlar, èyí tí Stephanie Kwolek ṣàwárí ní ilé iṣẹ́ DuPont ní ọdún 1965, tàbí irú rẹ̀ mìíràn ni wọ́n fi ń hun ún, tí wọ́n á tò ó lé ara wọn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpele. Ọta á kó sínú rẹ̀ bí ẹja ṣe ń kó sínú àwọ̀n, orí rẹ̀ á pẹlẹbẹ, agbára rẹ̀ á sì tàn ká ara ẹ̀wù dípò kó dúró sójú kan. Tèmi wọn kílò méjì àbọ̀. Abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì ni mo ń wọ̀ ọ́ sí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀.

Ní ti pátákó irin yẹn, méjì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù tó gbé e yóò súnmọ́ kílò mẹ́jọ. Ẹ fi iṣu méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kílò mẹ́rin kọ́ èjìká, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kí ẹ wá to ọjà sórí pẹpẹ fún wákàtí kan, ẹ̀yìn yín ni yóò fún yín lésì. Ohun tó tún burú níbẹ̀ ni pé bí ọta bá lu irin, ọta náà ni ó máa ń fọ́ yángá, àfọ́kù rẹ̀ á sì ta sókè sí àgbọ̀n àti ọ̀fun, á tún ta sí apá. Wọ́n máa ń fi nǹkan bíi rọ́bà bò ó kí ó lè mú àfọ́kù náà, ṣùgbọ́n bí ọta bá lù ú léraléra, rọ́bà náà á máa ya. Nínú fídíò tí ẹ wò, orí igi ni wọ́n gbé pátákó náà kọ́. Igi kò ní ọ̀fun. Bí ẹ bá tilẹ̀ ní dandan pátákó ni ẹ fẹ́, ti séràmíìkì ni kí ẹ rà. Òun náà lè tó kílò mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, torí ó lè sán nínú kí ojú má rí i. Kí ẹ tún ka àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn kan wà tí kò ní ṣiṣẹ́ tó yẹ àfi bí ẹ̀wù rírọ̀ bá wà lábẹ́ wọn.

Ẹ fi ti 90 dọ́là yẹn sílẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń fọwọ́ sọ̀yà fún ẹ̀wù rírọ̀, nítorí òógùn, oòrùn àti kíká ẹ̀wù náà jọ ń jẹ òwú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2003, ní Forest Hills ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ọta ìbọn la ẹ̀wù ọlọ́pàá kan kọjá, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wù náà kò tíì gbó, ọta yẹn sì wà lára èyí tó yẹ kó dá dúró. Òwú Zylon ni wọ́n fi hun ún. Ìwádìí tí ìjọba ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé ooru àti ọ̀rinrin máa ń sọ òwú yìí di aláìlágbára, NIJ sì yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2005. Kò sí ẹni tó ń ta Zylon tuntun mọ́, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀wù àlòkù?

Ẹ má gbé e sínú búùtù ọkọ̀ ní oṣù Kẹjọ. Bí mo bá bọ́ tèmi lálẹ́, ẹ óò rí ìlà iyọ̀ funfun ní etí abíyá rẹ̀ bí èyí tó máa ń gbẹ sí etí ìkòkò. Mo máa ń yọ inú rẹ̀ kúrò, n ó fi aṣọ tútù àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún, n ó tẹ́ ẹ gbalaja síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò dé. Àpò ìta nìkan ni mo ń fọ̀. Ẹnì kan lẹ́nu iṣẹ́ wa ju tirẹ̀ lódindi sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọmọ ọdún kan péré ni ẹ̀wù náà, bí ó ṣe lọ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́ (Baltimore)

Bọ̀dá Ẹ̀ṣọ́ ti sọ èyí tó pọ̀, ṣùgbọ́n n kò rò pé wọ́n gbọ́ ohun tí Bàbá Ìbejì sọ gan-an. Bàbá ní ẹ̀yìn káńtà ni ẹ̀wù náà yóò máa wà. Ẹ̀yin bàbá, ẹ dárí jì mí, ìṣẹ́jú mélòó ni ẹ rò pé olè yóò fún yín kí ẹ fi na apá, kí ẹ fi so okùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì? Bí ìjì bá jà tí ẹ sì fẹ́ sun ṣọ́ọ̀bù, kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ ti wọ̀ ọ́, kó sì wà lára yín títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nítorí náà, èyí tí ẹ lè wọ̀ sùn ni kí ẹ rà, bí agbára rẹ̀ kò bá tilẹ̀ tó ti ológun.

Ìtọ́jú pàjáwìrì ni iṣẹ́ mi. Mo ti rí àwọn tí ẹ̀wù gbà sílẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ bí ara wọn ṣe máa ń rí. Nígbà tí wọ́n bá ń dán ẹ̀wù wò, wọ́n á gbé e lé orí amọ̀ kan tí wọ́n mọ, òfin òṣùwọ̀n náà sì ni pé kí ibi tí ọta ti lù ú má jìn sínú amọ̀ ju mìlímítà 44 lọ. Ẹ wo mìlímítà 44 lórí rúlà, kí ẹ wá rò ó sí egungun ìhà. Ọkùnrin kan rìn wọlé bá wa fúnra rẹ̀, ó ní òun kò fara pa, ó kàn ń mí bí ẹni tó sáré. Nígbà tí a ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, àmì tó wà ní ìhà òsì rẹ̀ tóbi tó ọsàn àgbálùmọ̀, àárín rẹ̀ dúdú, etí rẹ̀ pupa. Egungun ìhà méjì ló ti dá lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ọta bá bà lórí ẹ̀wù gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, ìbáà ṣe pé kò sí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀wù náà kò bo ọrùn, kò bo abíyá, kò bo ikùn ìsàlẹ̀ àti itan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ itan lè tán lára ènìyàn ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú owó tí ẹ fẹ́ ná, ẹ yọ nǹkan bí 30 dọ́là fún okùn ìdíjẹ̀ gidi, èyí tí a fi ń di apá tàbí itan pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró, kí ẹ sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń kọ́ ará ìlú ní ẹ̀kọ́ Stop the Bleed lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́.

Bí ìyàwó yín náà bá ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má fi tiyín wọ̀ ọ́. Ẹ̀wù tí a gé fún àyà ọkùnrin máa ń ta kúrò lára obìnrin lábẹ́ abíyá, ihò yẹn sì ni ọta yóò gbà wọlé. Èyí tí wọ́n gé fún obìnrin wà, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń dán an wò lọ́tọ̀.

Akin (Peckham)

Ní tiwa níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀bẹ là ń sá fún ju ìbọn lọ, mo sì fẹ́ kí Bàbá Ìbejì rántí ohun tí àwọn bàbá wa mọ̀ kí òyìnbó tó hun òwú kankan. Ayẹta ọ̀tọ̀, òkígbẹ́ ọ̀tọ̀. Kò sí ọdẹ tó gba ayẹta lọ́wọ́ oníṣègùn tó wá rò pé àdá kò ní ran òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀wù yìí rí. Òwú tó mú orí ọta ìbọn pẹlẹbẹ, ṣóńṣó ọ̀bẹ lè gba àárín rẹ̀ kọjá, nítorí ọ̀bẹ kì í pẹlẹbẹ, ńṣe ló ń gé, ó sì ń la fọ́nrán òwú sọ́tọ̀.

Lára òṣùwọ̀n ọ̀bẹ ní Ìlú Ọba ni KR1 àti KR2. Agbára ìgúnni tí wọ́n fi ń dán KR1 wò jẹ́ júùlù 24, ti KR2 jẹ́ 33, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni ṣóńṣó ọ̀bẹ gbọdọ̀ yọ jáde lódì kejì. NIJ náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀wù kan lè gba ìwé ẹ̀rí méjèèjì, ṣùgbọ́n á le díẹ̀, á sì wọ́n. Mo ń wa ọkọ̀ akérò lóru, KR1 ni mo rà, nígbà tí mo bá sì jókòó sídìí ọkọ̀, ó máa ń ti àgbọ̀n mi sókè bí ọwọ́ bàbá mi nígbà tí mo bá purọ́.

Ará Buffalo

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti òfin, nítorí ìlú tí mo ń gbé, ní ìpínlẹ̀ New York, ni ó ti dójú ọ̀gbagadè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ẹnì kan wọ ẹ̀wù ayẹta wọ inú ilé ìtajà oúnjẹ Tops ní àdúgbò wa, ó sì pa ènìyàn dúdú mẹ́wàá. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, tó jẹ́ ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì, yìnbọn bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀wù apànìyàn náà gba ọta yẹn, ẹ̀ṣọ́ náà ló sì kú. Kí oṣù méjì tó pé, ìpínlẹ̀ New York ti ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí nínú àwọn iṣẹ́ tí ìjọba kà sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ra ẹ̀wù ayẹta mọ́. Ohun tó ṣe mí ní kàyééfì ni pé ẹ̀wù rírọ̀ nìkan ni òfin àkọ́kọ́ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ pátákó irin ni apànìyàn náà lò. Wọ́n ní láti tún un ṣe lọ́dún kan náà kí ó tó mú pátákó líle mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun yóò bá yín rà á láti New York, ẹ má dá a lóhùn. Ní Connecticut náà, ojúkojú ni òǹtajà àti òǹrajà gbọ́dọ̀ pàdé.

Ní Texas, kò sí ìdíwọ́ fún àgbàlagbà tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá. Òfin ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 2002 ni ó ka á léèwọ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá oníwà ipá, Texas sì ní òfin tirẹ̀ fún àwọn ọ̀daràn.

Ní ti àbúrò yín, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sínú páálí aṣọ kí ẹ gbé e fún àwọn akẹ́rù. Amẹ́ríkà ka ẹ̀wù ayẹta mọ́ ẹrù tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún kí ó tó jáde kúrò nílùú. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ètò Ààbò ni ìwé àṣẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti ń wá, kì í sì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ kan ń lọ gbà lọ́sàn-án kan. Bó bá tilẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀, ẹ wo ó bí sójà ṣe máa dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró lórí alùpùpù lọ́nà Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n bá ẹ̀wù ayẹta lára rẹ̀. Kí ló fẹ́ sọ fún wọn? Ìbọn AK sì ni àwọn ajínigbé sábà ń lò; ẹ̀wù rírọ̀ kankan kò lè dá ọta AK dúró, pátákó RF1 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í kojú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pe àbúrò mi. Inú rẹ̀ kò dùn, ó ní Amẹ́ríkà ti sọ mí di ojo, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé owó náà ni n ó fi ránṣẹ́, kí òun àti àwọn aládùúgbò oko rẹ̀ fi san owó àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọlọ́pàá. Ọmọdébìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n jókòó kí òun tó wọ̀n mí, ó ní ìdúró máa ń tan ènìyàn jẹ. Ó fi ìka mẹ́ta sáàárín bẹ́líìtì mi àti ìsàlẹ̀ ẹ̀wù náà, ó ní bí àyè yẹn kò bá sí, bí mo bá ti jókòó ni yóò gún mi lọ́fun. Èyí tí mo kọ́kọ́ mú gùn jù, bí Akin ṣe wí gẹ́lẹ́. HG2 rírọ̀ tó kúrú díẹ̀ ni mo gbà níkẹyìn, kílò méjì ó lé díẹ̀, 540 dọ́là. Mo wọ̀ ọ́ sùn lórí àga lánàá láti dán an wò. Ó móoru, ṣùgbọ́n mo sùn.

Ohun kan ló kù tí n kò lóye. Ẹ̀wù tí mo fẹ́ rà fún ìyàwó mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti dán an wò ní ìbámu pẹ̀lú òṣùwọ̀n NIJ. Ṣé ìyẹn tó?

Ẹ̀ṣọ́ Òru (Dallas)

Kò tó. Ẹnikẹ́ni lè kọ ìyẹn. NIJ ní àkójọ àwọn ẹ̀wù tí wọ́n fọwọ́ sí lórí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ mú nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá irú ẹ̀wù náà mọ̀, èyí tó wà lórí lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ inú rẹ̀, kí ẹ wá a níbẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan kò tó, nọ́ńbà yẹn gan-an ni.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Mo ti wá a. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà náà kò sí. Ìyàwó mi yóò bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọlọ́pàá yẹn ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí wọ́n wọn òun náà ní ìjókòó.